"Àáfà, Ta Ló Sọ Fún Yín?" Ẹ̀kọ́ fún Wa Nínú Ìgbésí Ayé Alhaji Babátúndé Jose

Ní orúkọ Ọlọ́run, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run.



A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nítorí náà, kí n tó sọ ohun tí ó yẹ kí àwọn ẹlòmíràn ṣe, n óò kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe tí kò dára.

Ẹ rántí pé ní oṣù August 2019 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù November ọdún náà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tún pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróòlù wá sí ilé epo tí kò bá jìnnà sí ààlà ju 20 kìlómítà lọ. Kò sí ẹni tí yóò ròyìn ìyà náà fún àwa tí a ń gbé Ìjoùn. Àwọn ìbátan wa wà ní Kétu, nítorí pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fa ààlà sí ilẹ̀ yìí ní 1889, wọn kò bi bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè. Ọjà tí àwọn ìyá wa ti ń ná láti ayébáyé wá di ohun tí à ń wò láti òkèèrè.

Ọdún kan àti nǹkan bí oṣù mẹ́rin kọjá. Ní Ọjọ́rú, 16 December 2020, Ìjọba kéde ọ̀rọ̀ kan ní Àbújá lórí ẹnubodè. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, bí mo ti ń múra àtilọ kírun, ọkùnrin kan tí ó ti Ayétòrò dé sọ fún mi pé Ìjọba ti ṣí ẹnubodè. Inú mi dùn púpọ̀. N kò bi í léèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn ìrun, mo dúró níwájú ìjọ, mo ní kí gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọ̀nà ti là. Ìjọ sì gbé Allahu Akbar sókè.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí ó ń ta ata àti tòmátì. Kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tán. Ó kó owó àjọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ó yá díẹ̀ kún un, ó ra ọjà, ó kó o sínú ọkọ̀, ó sì dorí kọ ọ̀nà ẹnubodè. Wọ́n dá a dúró. Ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó tún dúró di ọjọ́ kẹta, ó rò pé bóyá àṣẹ ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀nà. Oòrùn kò mọ olówó yíyá. Tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi nínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó padà wálé, ọ̀dọ̀ mi ni ó kọ́kọ́ wá. Kò bú mi, kò sì pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Àáfà, ta ló sọ fún yín?"

Mo wá èsì, n kò rí. Ọkùnrin tí ó sọ fún mi, inú ọkọ̀ èrò ni òun náà ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó sọ ọ́ nínú ọkọ̀, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Èyí tí ó sì dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìjọba kéde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnubodè mẹ́rin péré ni wọ́n ní àwọn ṣí ní ọjọ́ náà, àwọn nìyí: Sèmè, Ilela, Maigatari àti Mfum. Wọ́n ní àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì ní òfin tó de ìrẹsì òkèèrè àti adìyẹ ṣì wà bó ti wà. Ìdírókò tí ó wà ní ìpínlẹ̀ tiwa gan-an, ó di April 2022 kí wọ́n tó kéde pé ó ti ṣí. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú àwọn ìwé ìròyìn, gbangba gbàǹgbà. N kò rà á, n kò sì rán ọmọ láti lọ yá a wò. Ìdajì òtítọ́ ni mo gbé síwájú ìjọ, ìdajì òtítọ́ náà ni ó sì jẹ owó obìnrin yẹn run.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe pé n kò mọ òfin Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú ní Súrà Hújúrátì. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti pa á láṣẹ fún wa pé bí ẹni tí ìwà rẹ̀ kò tọ́ bá mú ìròyìn wá, a ní láti wádìí rẹ̀, kí àìmọ̀ wa má baà kó àwọn ẹlòmíràn sí ìyọnu, kí àbámọ̀ má sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ Àlùkùránì ròyìn ohun tí ó fà á. Wọ́n ní Ànábì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, rán ọkùnrin kan lọ gba sàká lọ́wọ́ ìran kan. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà lójú ọ̀nà, ó padà, ó sì wí pé wọ́n kọ̀ láti san án, wọ́n tún fẹ́ pa òun. Nígbà tí a wádìí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ènìyàn náà ń dúró de aṣojú Ànábì ni. Bí kì í bá ṣe ìwádìí, ìròyìn ẹnì kan ṣoṣo ìbá ti dá ogun sílẹ̀ láàárín Mùsùlùmí àti Mùsùlùmí.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ kì í fi gba hádíìsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìbéèrè ẹni tí ó ti gbọ́ ọ, àti ẹni tí ẹni náà ti gbọ́ ọ, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Wọn a wádìí bóyá ẹni kìn-ín-ní bá ẹni kejì láyé, bóyá wọ́n pàdé, bóyá ó máa ń gbàgbé, bóyá ó ti purọ́ rí. Wọ́n ròyìn nípa Imam Bukhari, ẹni tí ó kú ní 256 Hijra (870), pé hádíìsì tí ó gbé yẹ̀ wò tó 600,000, ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ kò ju 7,000 ó lé díẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwọn tí ó tún kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ wo ohun tí ó jù nù! Ẹni tí kò bá lè ju ọ̀rọ̀ nù kò yẹ ní ẹni tí à ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ayé òde òní, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ èyí nínú ilé ìwé ìròyìn ni à ń pè ní olóòtú. Akọ̀ròyìn ni yóò jáde lọ sí kóòtù, sí ọjà, sí ọ́fíìsì ìjọba. Òun ni yóò kó ọ̀rọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n olóòtú ni yóò jókòó tì í, tí yóò bi í léèrè pé: Ta ló sọ fún ọ? Níbo ni ó ti sọ ọ́? Ojú rẹ ló ṣe é tàbí etí rẹ? Ǹjẹ́ o bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn léèrè tẹnu tirẹ̀? Ẹnubodè wo ni wọ́n ṣí, mélòó sì ni? Bí èsì kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò dá ìwé náà padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń dúró. Bí àṣìṣe bá sì kọjá mọ́ ọn lójú, orúkọ tirẹ̀ ni wọn yóò pè ní kóòtù. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Tirẹ̀ tún burú jù, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú gbogbo àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa, Mùsùlùmí kan wà tí mo fẹ́ kí a fi ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n. Òun ni olóògbé Alhaji Ismail Babátúndé Jose. December 1925 ni wọ́n bí i. Ìwé ìròyìn tí yóò fi ayé rẹ̀ sìn, èyíinì Daily Times ti Èkó, kò jù ú lọ: 1 June 1926 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, Ernest Ikoli sì ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1941, nígbà tí Jose jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 15, ó wọ ilé iṣẹ́ náà. Kì í ṣe orí àga olóòtú ni ó wọlé sí. Ẹ̀ka ìtẹ̀wé ni wọ́n fi í sí, láti kọ́ṣẹ́ láàárín àwọn tí ọwọ́ wọn dúdú fún tàdáwà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé jẹ́ nígbà náà fún àwọn ọmọ wa tí fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń to àwọn lẹ́tà, ní ìdàkejì, kí ó tó lè hàn dáadáa lórí ìwé. Bí ìwọ bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo tò, orúkọ olè lè di orúkọ olóòótọ́, 100 sì lè di 1,000. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kéwú tí ó mọ alífù àti báà lórí wàláà kí ó tó dé ibi ìtumọ̀. Àwa náà mọ irú ọmọ kéwú tí ó fẹ́ fo wàláà kọjá. Ẹ mọ ibi tí ó máa ń parí sí.

Láti ibi ìtẹ̀wé ni Jose ti bọ́ sí iṣẹ́ akọ̀ròyìn. Ní 1947, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù ra Daily Times, àwọn òyìnbó sì wà lórí àga gíga níbẹ̀. Jose kò bá wọn jà, kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ní 1957, wọ́n fi í ṣe olóòtú Daily Times, ọdún 16 lẹ́yìn tí ó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà ìtẹ̀wé wọlé. Ní 1962, ó di ọ̀gá tí ń darí gbogbo ilé iṣẹ́ náà, ní 1968 ó sì di alága rẹ̀. Ọmọ tí ó ti ń ru tàdáwà wá jókòó sórí àga tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀.

Kò lọ sí yunifásítì, síbẹ̀ òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti yunifásítì jáde, ó sì rí i pé a kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tó máa ń bẹ̀rù ẹni tí ó mọ̀ jù ú lọ. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di 1975, wọ́n ní Daily Times ń tà tó 275,000 ẹ̀dà ní ojúmọ́, Sunday Times sì ń tà tó 400,000. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́. Ọjà tí ènìyàn 275,000 ń fi owó ara wọn rà láràárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú wọn rà, ẹ̀rí ni pé wọ́n gba ọlọ́jà náà gbọ́.

Èmi kò sọ pé màláíkà ni Alhaji Jose. Nínú àwọn ìwé tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Lagos Weekend, tí ọ̀rọ̀ àlè àti ìtìjú inú ilé onílé kún inú rẹ̀. Ó tà dáadáa, ṣùgbọ́n àwa àáfà kò lè yìn ín, nítorí Ọlọ́run kọ̀ fún wa láti máa tú àṣírí ara wa. Àwọn mìíràn sì wí pé ó máa ń rọra bá àwọn aláṣẹ lò jù. Òun náà kò ṣàì mọ̀ bẹ́ẹ̀: nígbà tí ó kọ ìwé nípa ara rẹ̀ ní 1987, orúkọ tí ó fún un ni Walking a Tightrope, èyíinì ni pé òun ti rìn lórí okùn tín-ín-rín tí a ta sí òkè, tí ẹni tí ń rìn lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì jù.

Okùn náà já ní 1975. Ní ọdún yẹn, àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà dìde sí i. Ní oṣù September ọdún náà, Ìjọba Ológun gba 60 nínú ìpín 100 ilé iṣẹ́ Daily Times, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti fi owó wọn ra ìpín nínú rẹ̀. Ní 1976, Jose fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà láyé títí di 2 August 2008, ẹni ọdún 82, kí Ọlọ́run dárí jì í, kí ó sì fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ní ti ìwé ìròyìn náà, kò tún padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún lábẹ́ ìjọba ni títà rẹ̀ ń relẹ̀, títí ìjọba fi tà á ní 2004.

Kí ni ó pa á? Àwọn kan ní owó ni, àwọn kan ní ìjà inú ilé ni, àwọn méjèèjì ní apá kan òtítọ́. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ohun tí ó pa á ni pé ìbéèrè ìyá aláta kúrò nínú rẹ̀. Bí ọba bá di ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn, ta ni yóò bi ọba léèrè pé, "Ta ló sọ fún yín?" Ọjọ́ tí olóòtú kò bá lè bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè yìí mọ́, ọjọ́ náà ni ọjà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi bíi tòmátì lẹ́nu ibodè. Bákan náà ni ó sì rí ní mọ́sálásí: ìjọ tí kò lè bi àáfà rẹ̀ léèrè, ìparun ń bọ̀ fún àáfà àti ìjọ.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú àáfà ń wàásù pé iṣẹ́ òfófó ni iṣẹ́ ìwé ìròyìn, pé kí Mùsùlùmí má ṣe fi ọmọ rẹ̀ sí i. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Olófòófó a máa gbé ọ̀rọ̀ láti ilé kan sí èkejì kí ó lè tú wọn ká, kì í sì í dúró jẹ́rìí. Olóòtú a máa fi orúkọ rẹ̀ sí ohun tí ó tẹ̀, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ lè pè é lẹ́jọ́. Àwọn Mùsùlùmí tí ó níyì ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wa. Dusé Mohamed Ali, Mùsùlùmí tí ó ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù, wá sí Èkó, ó sì dá The Comet sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1933. Abubakar Imam ni olóòtú Gaskiya Ta Fi Kwabo, ìwé ìròyìn Haúsá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní 1939. Alhaji Lateef Jakande, kí ó tó di Gómìnà Èkó ní 1979, inú ilé ìwé ìròyìn Tribune ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ là. Alhaji Alade Odunewu ní Daily Times ni gbogbo ayé mọ̀ sí Allah-De. Èwo nínú wọn ni olófòófó?

Ìkùnsínú wa pé àwọn oníwé ìròyìn kì í mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí, tàbí pé wọn kò mọ̀ pé ìlú kan wà tí ń jẹ́ Ìjoùn, kò lè tún nǹkan ṣe. Ní Abẹ́òkúta tí kò jìnnà sí wa yìí ni Henry Townsend, àlùfáà ìjọ Kristẹni, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ìwé tí wọ́n ń fi owó ẹyọ 120 rà. Àwọn Kristẹni kò fi agbára lé wa kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn ni wọ́n tètè rán ọmọ wọn lọ kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn àgbà wa dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, ohun tí wọ́n rí nìyẹn. Wọn kò jókòó sunkún. Wọ́n kọ́ ilé ìwé.

Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́ta láti bẹ ẹ̀yin ìjọ àti ẹ̀yin ọlọ́jà.

Èkíní, kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n kéde ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọjà, owó tàbí ìjà nínú mọ́sálásí wa mọ́ bí a kò bá mọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ibi tí ó ti rí i. Kí a fi ti fóònù kún un. Ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, tí wọ́n ní kí o fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ìbùkún lè wọlé fún ọ, kò ní bàbá, kò ní ìyá. Má ṣe di ìyá fún un.

Èkejì, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan dáwó jọ láti máa ra ìwé ìròyìn, kí a sì yan ọmọ kan tí ó mọ̀wé láti máa kà á sókè fún àwọn ìyá wa tí kò lè kà á. Owó tí yóò ná wa lóṣù kò tó owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí ó bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, bí a bá rí ọmọ nínú ilé kéwú wa tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó má béèrè pé "ta ló sọ ọ́," kí a má ṣe nà án pé ó ń yájú. Kí a rán an lọ sí ibi tí wọn yóò ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìwé ìròyìn, kí ìjọ sì ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí Jose ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹ̀bi tèmi, ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo dúró ní ibi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀, mo sọ fún ìjọ pé ohun tí mo kéde kò pé, pé n kò wádìí rẹ̀, pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ojú tì mí. Àwọn kan rò pé n óò pàdánù ọ̀wọ̀ mi. Ìjọ dáwó fún ìyá náà, èmi náà fi tèmi sí i, ṣùgbọ́n kò tó gbogbo ohun tí ó pàdánù. Ó pẹ́ kí ó tó san gbèsè náà tán. Láti ìgbà náà, bí mo bá dìde láti kéde ohunkóhun, mo máa ń kọ́kọ́ wo ọ̀nà ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò béèrè. Olóòtú tèmi nìyẹn.

Kí Ọlọ́run fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu, kí ó fi sùúrù sí wa létí, kí ó sì ṣọ́ òwò wa lọ́wọ́ ìròyìn tí kò ní orírun. Àmín, láṣẹ Ọlọ́run.